Ta Ni Ó Mú Kọ́kọ́rọ́ Àká?

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè pé láti ọwọ́ ta ni oúnjẹ tí ó lé ebi náà lọ ti wá, àti pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí onítọ̀hún bá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Oúnjẹ tí a fi ojú rere fún ènìyàn lónìí, a lè fi ìbínú dá a dúró lọ́la. Ohun tí ó dé bá àwọn ènìyàn dúdú ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi èyí hàn kedere.

Ilẹ̀ agbègbè Delta ní ìpínlẹ̀ náà lọ́ràá púpọ̀, síbẹ̀ àwọn tí ń ro ó a máa fi ebi sùn. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Orí ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ń gbin òwú, wọn a sì bá onílẹ̀ pín ohun tí wọ́n bá kórè; onílẹ̀ yìí kan náà ni ó ń tà wọ́n ní àwìn, òun náà ni ó sì ń kọ ìwé gbèsè. Òwú kò sì ṣeé sè jẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń ká òwú dé, tí oògùn tí ń pa koríko sì gba iṣẹ́ ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, àní owó kékeré tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nígbà òtútù, ìyẹ̀fun, ìrẹsì àti wàrà gbígbẹ tí ìjọba àpapọ̀ ń pín ni wọ́n gbójú lé.

Ní ọdún 1962, àwọn aláṣẹ àgbègbè Leflore dá pínpín oúnjẹ yìí dúró. Àwọn ènìyàn bí 22,000 ni ọ̀ràn náà kàn, ènìyàn dúdú sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Owó ni àwọn aláṣẹ wí pé ó fà á; ṣùgbọ́n àkókò náà gan-an ni àwọn ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kò sì sí ọmọdé níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ó ń bí wọn nínú. Àwọn ọ̀rẹ́ láti ìpínlẹ̀ mìíràn kó oúnjẹ wá. Dick Gregory, aláwàdà olókìkí nì, fi ọkọ̀ òfuurufú kó ti tirẹ̀ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1963. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ oúnjẹ inú ọkọ̀ òfuurufú ní láti máa wo ojú ọ̀run.

Obìnrin kan tí ó rí ìdí ọ̀ràn yìí ni Fannie Lou Hamer. Ọdún 1917 ni a bí i, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ogún ọmọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó ti ń ká òwú. Nígbà kan tí ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tó ẹnu, tí wọ́n ra ìbaaka àti ohun èlò oko tiwọn, ẹnì kan da májèlé sí oúnjẹ àwọn ẹran náà, wọ́n sì kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1962, ó lọ sí ìlú Indianola láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Lọ́jọ́ náà gan-an ni onílẹ̀ tí ó ti ń sìn fún ọdún 18 lé e kúrò.

Hamer kò fi ọ̀ràn náà mọ sórí oúnjẹ tí a ń fi tọrẹ nìkan; ó wá ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú tí Dorothy Height jẹ́ olórí rẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́ tí wọ́n fi dá báńkì ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ìdílé tí kò ní nǹkan yóò gba abo ẹlẹ́dẹ̀ tí ó lóyún, yóò tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi bímọ, yóò fi ọmọ rẹ̀ ṣe oúnjẹ àti owó, yóò sì dá ti báńkì padà kí ó lè kan ẹlòmíràn. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ẹni tí kò ní ewúrẹ́ a máa gba abo ewúrẹ́ sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó ní, wọn a sì jọ pín ọmọ rẹ̀.) Ìrònú Hamer ni pé ẹni tí ó ní ẹran lẹ́yìnkùlé àti ẹ̀fọ́ nínú ọgbà, kò sí ẹni tí yóò fi ebi halẹ̀ mọ́ ọn kí ó má baà dìbò. Èyí ni ó fi ta àánú yọ.

Ní ọdún 1969, ó dá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àgbẹ̀ sílẹ̀ ní àgbègbè Sunflower, ó sì pè é ní Oko Òmìnira. Orí ilẹ̀ 40 éékà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láìpẹ́ ó ju 600 éékà lọ. Wọ́n gbin ẹ̀wà, àgbàdo, ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ fún jíjẹ, wọ́n sì gbin òwú àti ẹ̀wà sóyà láti fi san gbèsè ilẹ̀. Dọ́là kan lóṣù ni owó ẹgbẹ́. Nǹkan bí 30 ìdílé péré ni ó lè san án, ṣùgbọ́n a kò lé àwọn tí kò lè san kúrò nídìí ìkòkò.

Oko náà kò pẹ́. Ìjì jà, ojú ọjọ́ kò bá irúgbìn mu, gbèsè pọ̀, ara Hamer kò sì le mọ́. Kí ó tó kú ní oṣù kẹta ọdún 1977, ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àwọn kan a tìtorí èyí wí pé tálákà kò mọ ìṣàkóso. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Ní àgbègbè Sunflower kan náà ni James Eastland, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ní oko òwú tí ó ju 5,000 éékà lọ. Ní ọdún 1967 nìkan, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ san lórí oko rẹ̀ ju $100,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ara ètò náà ni pé kí àgbẹ̀ fi apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìgbin òwú sí i. Ní àkókò yẹn, òtòṣì tí ó fẹ́ gba ìwé ìra-oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba ní láti kọ́kọ́ mú owó wá ná, títí òfin ọdún 1977 fi mú àṣà náà kúrò. Olówó gba owó nítorí ilẹ̀ tí kò gbìn, olùpọ́njú sì sanwó kí ó tó rí ìrànwọ́. Bí Oko Òmìnira bá ti rí ìdá mẹ́wàá irú owó bẹ́ẹ̀ gbà ní ọdọọdún, bóyá àwọn ọmọ àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni ìbá máa ro ó títí di òní.