Ìjàpá Kan Ń Bẹ Lójú Sánmà

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rí àkọlé yìí, àwọn kan nínú yín yóò rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Kì í ṣe àlọ́, àmọ́ kò jìnnà sí i. Eré tẹlifíṣọ̀n kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe láti ọdún 1965 sí 1968 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Lost in Space ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, a lè pè é ní "Àwọn Tí Ó Sọnù Sójú Sánmà". Eré tí àwọn ènìyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo fi í han àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ní yàrá wa lọ́dún tí ó kọjá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n jọ̀wọ́, kí n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀ka wa pé irú ìranù báyìí ni mo ń ṣàárò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi gbé kálàmù.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ní ọdún 1997, tí ó ṣì jìnnà réré lójú àwọn tí ó kọ ọ́, èrò pọ̀ láyé ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì rán ìdílé Robinson jáde láti lọ tẹ ibòmíràn dó. Bàbá, ìyá, ọmọbìnrin méjì, àti ọmọkùnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Will, pẹ̀lú awakọ̀ wọn, Don West, wọ ọkọ̀ òfurufú kan tí ń jẹ́ Jupiter 2, wọ́n kọrí sí ìràwọ̀ Alpha Centauri. Àmọ́ dókítà kan tí ń jẹ́ Zachary Smith, amí tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀, ti yọ́ wọ inú ọkọ̀ náà láti bà á jẹ́. Ó yí rọ́bọ́ọ̀tì inú rẹ̀ lórí pé bí wọ́n bá ti gbéra tán, kí ó fọ́ gbogbo nǹkan túútúú. Kí ó tó rí ọ̀nà jáde, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn. Ìwúwo ara rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣírò mọ́ ẹrù ni ó mú kí ọkọ̀ ṣìnà. Apá 83 ni wọ́n ṣe. Wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn kò sì padà sílé. Ilé iṣẹ́ CBS kàn dá eré náà dúró ní ọdún 1968 ni.

Àbúrò bàbá mi kan tí ń gbé ní Houston ni ó fi àpótí síídì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje. Eré ọdún kìn-ín-ní nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Dúdú àti funfun sì ni, nítorí pé ọdún kejì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní aláwọ̀ mèremère. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ télọ̀, a máa fi í sí i fún wa ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú bí epo bá wà nínú jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Láàárín ariwo yẹn àti Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà, èmi àti àwọn àbúrò mi kì í gbọ́ ju orúkọ Will lọ. Bàbá mi ni ó di ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ yìí kò pẹ́ di nǹkan mìíràn. Alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an ni bàbá mi ti sọ Smith ní Ìjàpá. Aṣọ dídán tí àwọn Robinson ń wọ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ẹni tí ó rán an kò wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Bí ẹranko abàmì kan bá yọ láti ẹ̀yìn àpáta, tí àwa ọmọdé sá sẹ́yìn àga, bàbá mi a ní, "Ẹ padà jókòó, mo rí ojú rírán léjìká rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn gba ẹ̀rù kúrò lára wa. Kí n má parọ́, ó gba díẹ̀ nínú adùn eré náà lọ pẹ̀lú.

Apá kan wà tí n kò lè gbàgbé. Omi wọ́n àwọn Robinson, Smith sì fi èyí tí ó kù wẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá omi dé ibìkan, ó rí èso kan tí wọn kò tíì yẹ̀ wò bóyá ó ṣeé jẹ, ó bù ú jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, títí ó fi di òmìrán. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí èyí tí kò ní rántí Ìjàpá tí ó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, tí ikùn rẹ̀ wú? Bàbá mi kò tilẹ̀ dúró kí á rántí. Wọ́n dá orin àlọ́ náà, àwa sì ń gbè é lórí ariwo jẹnẹrétọ̀, bí Smith ti ń ta gìrìgìrì kiri láàárín àpáta bí ẹni pé orin wa ni ó ń jó sí.

Nígbà tí apá náà parí, bàbá mi sọ fún wa pé àwọn Robinson ti dájọ́ fún un: kò ní mu omi wọn mọ́ títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a rí Smith tí ó nà gbalaja, ara tù ú. A bi bàbá mi pé, "Ṣé ó ti gbẹ́ kànga náà tán ni?" Wọ́n ní, "Alẹ́ ni ó ń gbẹ́ ẹ." Bí ó ti ń lọ nìyẹn. Nígbà tí Smith gbé rọ́bọ́ọ̀tì fún oníṣòwò kan láti fi gba oúnjẹ, tí ọ̀fun sì tún mú un ta ara rẹ̀, bàbá mi ní wọn kò fún un ní oúnjẹ alẹ́ fún odindi oṣù kan. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí Smith dá nínú ilé wa tí kò rí ìyà rẹ̀ jẹ.

Ọdún tí ó kọjá ni mo tó fi etí ara mi gbọ́ eré náà. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, mo wo apá olómi yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí kànga. Ara Smith padà sí bí ó ti wà, ó sì padà sáàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí káàkiri: yóò ta wọ́n, yóò purọ́ fún wọn, yóò sá nígbà ewu, ọmọdékùnrin Will yóò tún gbèjà rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Inú bí mi. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n tàn láti kékeré, n kò sì mọ̀ bóyá bàbá mi ni ó tàn mí tàbí àwọn ará Amẹ́ríkà.

Mo wò ó lọ títí dé eré ọdún kejì àti ìkẹta tí n kò rí rí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ní ìdí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ilé iṣẹ́ ABC bẹ̀rẹ̀ eré Batman ní wákàtí kan náà ní alẹ́ Ọjọ́rú, ti CBS náà sì wá ń fi ẹ̀fẹ̀ díje. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 1968, òṣèré kan, Stanley Adams, ti wọ ẹ̀wù kárọ́ọ̀tì láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń bá Smith ṣẹjọ́ nítorí pé ó já òdòdó. Kárọ́ọ̀tì! Àwọn òṣèré fúnra wọn kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo bi ọ̀rẹ́ mi tí ó pè é ní ìranù pé, ṣebí àwa náà ni a kọ àròkọ olójú ewé mẹ́wàá lórí àwọn abàmì inú igbó Fágúnwà, tí a kò sì rẹ́rìn-ín? Ó ní ti Fágúnwà ní ìjìnlẹ̀. Mo ní ó dára, àmọ́ ẹ̀wù kárọ́ọ̀tì kọ́ ni yóò sọ fún wa bóyá eré kan ní ìjìnlẹ̀ tàbí kò ní.

Ibi tí eré yìí ti dùn mí gan-an kì í ṣe ti kárọ́ọ̀tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, dókítà ni wọ́n pe Maureen Robinson, ọ̀mọ̀wé nípa kẹ́míkà inú ara ohun abẹ̀mí. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ tán, oúnjẹ àti aṣọ fífọ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ a máa dì aṣọ sínú ọ̀rá fún un, a jẹ́ pé ọ̀làjú ti dé nìyẹn! June Lockhart ni ó ṣe é, ẹni 100 ọdún ni nígbà tí ó kú ní ọdún 2025. Òṣèré tí ó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í sídìí ìkòkò. Ìyá mi kì í bá wa jókòó wò ó. Wọ́n gbé abọ́ kọjá lọ́jọ́ kan, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, "Obìnrin yìí bá wọn dé ojú sánmà náà, aṣọ ni ó tún ń fọ̀?" Wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Bákan náà, nínú àwọn ènìyàn méje tí ó wà nínú ọkọ̀ yẹn, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. A kò sì lè ní ayé ìgbà náà ni ó fà á, nítorí ní ọdún 1966 kan náà, Nichelle Nichols ti jókòó nínú ọkọ̀ Star Trek gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ó ń jẹ́ Uhura, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti inú èdè Swahili. Nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò fura. Ní ilé wa, Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ.

Kí n padà sórí Smith. Nínú fíìmù ìdánwò tí Irwin Allen, tí ó dá eré náà sílẹ̀, kọ́kọ́ ṣe, kò sí Smith, kò sì sí rọ́bọ́ọ̀tì. Ìdílé rere kan ni, wọ́n ń ṣe rere kiri. Ìkà pọ́ńbélé ni wọ́n fi Smith ṣe nígbà tí wọ́n mú un wọlé. Jonathan Harris tí ó ṣe é ni ó rọra sọ ọ́ di ojo, ọ̀lẹ àti alásọdùn, tí ó ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kọ. Ọmọ Bronx ní New York ni Harris, Rọ́ṣíà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Gẹ̀ẹ́sì bí ti ọmọ ọba Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń sọ sì jẹ́ èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. (Ẹ̀yin tí ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọgbà wa, ẹ rí ọ̀gá yín.)

Mo mọ̀ pé olùkọ́ wa nínú lítíréṣọ̀ alohùn yóò ní kí n má yára pe Smith ní Ìjàpá, òótọ́ sì ni. Nínú àlọ́, a ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú yóò ti Ìjàpá; nítorí náà ni ẹ̀rín wa fi ń yá. Bí ìlú kan bá lé Ìjàpá, ìlú mìíràn ń bẹ tí yóò gbà á títí di àlọ́ tí ó kàn. Níbi tí àwọn Robinson wà, kò sí ìlú mìíràn. Bí wọ́n bá ti Smith síta, ikú ni wọ́n tì í sí. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ pa wọ́n ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún láràárọ̀, fún odindi ọdún mẹ́ta. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àléébù eré náà wá di ohun tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn, kárọ́ọ̀tì tàbí kò sí kárọ́ọ̀tì.

Ẹnìkan wà nínú ẹbí wa ní àwọn ọdún tí à ń wo síídì yẹn. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹni tí í ṣe. Ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi lọ ra aṣọ, ó gbé ọ̀kan nínú maṣíìnì ìránṣọ méjì tí wọ́n ní, ó tà á. Ilé gbóná lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà wá, wọ́n ní kí bàbá mi lé e. Wọn kò lé e. Ní alẹ́, ìyá mi bu àmàlà, ó bá wa jókòó, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, òun náà wà ní yàrá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, bàbá mi sì ń ka ìyà tí Smith yóò jẹ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí mo ń kọ àròkọ yìí, mo fi fóònù pe bàbá mi. Mo ní, "Bàbá mi, mo ti wo eré Ìjàpá yẹn láti òkè délẹ̀. Kò sí kànga kankan níbẹ̀ o." Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, mo ń gbọ́ ìró maṣíìnì lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ni o kò wò ó dáadáa. Mo ṣáà sọ fún ọ pé alẹ́ ni ó ń gbẹ́ ẹ."