"Fast" Tí Kò Yára Mọ́: Ẹ Wo Ihò Wáyà Kí Ẹ Tó Ra Ráútà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agége, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò àti fídíò òde ìnáwó. Tí a bá ti gba ọlidé, ibẹ̀ ni mo máa ń wà. Ní alẹ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, a ti òde ìgbéyàwó dé pẹ̀lú káàdì mẹ́mọ́rì tó kún fún fídíò, 64 GB. Inú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni gbogbo iṣẹ́ ń gbé, kí àwọn méjì tó ń ṣe ẹ́díìtì lè máa rí i lò látorí ẹ̀rọ tiwọn. Nítorí náà, a ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà iwájú, a ní kí fídíò máa gba inú wáyà ráútà lọ sí ẹ̀yìn. Ó lé ní wákàtí kan tó ti ń lọ, kò tíì parí. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ó ti wọlé tán. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ kó lè gbé e lọ sí òde mìíràn. Ìgbà tí a ṣí iṣẹ́ náà ni a rí i pé ibi tí bàbá ìyàwó ti ń wúre fún ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sí i títí di òní. Ẹ̀bi wa ni. Ẹni tí kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi ru ráútà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò fi mí sílẹ̀: láti yàrá iwájú sí yàrá ẹ̀yìn, kí ló ń jẹ fídíò níyà lójú ọ̀nà tó fi ń lò ju wákàtí kan lọ?

A kọ́kọ́ fura sí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà a fura sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀gbọ́n mi sì ra dátà tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yí nǹkan kan padà, torí pé fídíò tó ń ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn kò jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ọjọ́ tí mo yí ráútà dojú dé ni mo tó rí ọ̀rọ̀ kan lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀: "Fast Ethernet, 10/100".

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa. Gbogbo wa la ti kọ́ ọ nínú kíláàsì sẹ̀máńtíìkì pé ọ̀rọ̀ bíi "ga", "tóbi" àti "yára" kì í dá dúró. Ohun tí a fi wọ́n wé ló ń fún wọn ní ìtumọ̀. Nígbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu Fast Ethernet ní 1995, èyí tó wọ́pọ̀ kí ó tó dé ń gbé 10 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ń gbé 100. Ó yára lóòótọ́, nígbà náà. Ní 1999, Gigabit dé orí wáyà bàbà, ó ń gbé 1000. Ṣùgbọ́n orúkọ ti àkọ́kọ́ kò yí padà. Ó dà bí ìyàwó kan ní agbo ilé wa. "Ìyàwó Kékeré" ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́jọ báyìí, eyín ẹnu rẹ̀ ti ń yọ, Ìyàwó Kékeré náà ṣì ni. Orúkọ yẹn kò tan ará ilé jẹ, torí a mọ̀ ọ́n. Àlejò ni yóò máa wá ọmọge kiri. Ní ọjà ráútà, àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wa.

Lẹ́tà kan tún wà tó máa ń tan èèyàn. "b" kékeré ni bit, "B" ńlá ni byte. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan. Bit ni wọ́n fi ń wọn ihò wáyà, byte ni wọ́n fi ń wọn fáìlì. Tí ẹ bá pín 100 megabit sí ọ̀nà mẹ́jọ, megabyte 12.5 ni, tí a bá sì yọ ohun tí ìrìn àjò fúnra rẹ̀ ń jẹ, nǹkan bíi 11 ló kù. Fídíò 64 GB tó bá gba ibẹ̀ yóò lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú 97. Ní ihò Gigabit, tí díìsì bá lè bá a sáré, kò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 10 lọ. Ní ìlú tí iná kì í ti í lọ, sùúrù nìkan ni ìyàtọ̀ yìí ń fẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òun ni ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tó parí àti iṣẹ́ tó dá sáàárín. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé fàájì ni ihò wáyà tó yára.

Nígbà tí a lọ ra ráútà mìíràn ní Computer Village ní Ìkẹjà, áńtẹ́nà mẹ́rin ni ọmọkùnrin tó ń tajà kọ́kọ́ fi hàn wá, lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí 1200 tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. "Ọ̀gá mi, kò sí èyí tó yára tó o." Mo ní ihò wáyà rẹ̀ ńkọ́? Ó ní mẹ́rin ni. Mo ní iye tí wọ́n lè gbé ni mò ń bèèrè, kì í ṣe iye wọn. A yí páálí padà, a sì rí i ní ìsàlẹ̀, tín-ín-tín: 10/100. 1200 yẹn, 300 ti Wi-Fi 2.4 GHz àti 867 ti 5 GHz ni wọ́n rò pọ̀, tí wọ́n sì sún un sókè díẹ̀. Kò sí ẹ̀yọ nínú rẹ̀ tó kan wáyà. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka páálí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa ta kò mí. Ó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí síìmù ń gbé wá sílé àwọn kì í tó 30 megabit, kí ni àwọn fẹ́ fi 1000 ṣe? Òótọ́ ló sọ. Tó bá jẹ́ pé fóònù nìkan ló wà nílé yín, tí kò sí kọ̀ǹpútà tó ń gbé fáìlì fún kọ̀ǹpútà, ihò Gigabit kò ní fi nǹkan kan kún un fún yín. Ẹ fi owó yín ra dátà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ; ilé náà là á wò ká tó ra ráútà. Ọ̀nà méjì ló wà: èyí tó jáde síta, àti èyí tó lọ láti yàrá dé yàrá. Ihò 100 kò pa ọ̀nà ìta lára àfi tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ju 100 lọ, bíi ti àwọn kan tó ń lo fáíbà. Ọ̀nà yàrá sí yàrá ló ń dí lójoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni oníṣọ́ọ̀bù ti ń jẹun.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, tí ráútà yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jù ú nù. Ẹ ra Gigabit switch oníhò márùn-ún, ẹ ki àwọn kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, kí wáyà kan ṣoṣo sì ti ibẹ̀ lọ sí ráútà. Fáìlì á máa gba inú switch kọjá, kò ní kan ihò ráútà rárá. Tiwa ti ń kú tó ń jí, ìdí nìyẹn tí a fi pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ tiyín, "10/100/1000" ni kí ẹ wá, kí ẹ sì bèèrè bóyá gbogbo ihò ni tàbí ọ̀kan, torí àwọn ráútà kan wà tí ihò kan péré ló jẹ́ Gigabit nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti 2.5 Gigabit mọ́ yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ díìsì tó ń yí ni ẹ ń lò. Agbára díìsì náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Gigabit lọ.

Ẹ má gbàgbé wáyà fúnra rẹ̀. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin ni Fast ń lò, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni Gigabit ń lò. Tí ọ̀kan bá já, ráútà lè rọra padà sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́jọ́ tí a gbé ráútà tuntun délé: eku ti jẹ wáyà àtijọ́. Cat5e tàbí èyí tó jù ú lọ ni kí ẹ rà, kó jẹ́ bàbà gidi, kì í ṣe àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Tí ẹ bá so ó tán, ẹ wo "Link speed" lórí kọ̀ǹpútà yín. Tó bá sọ pé 1000, ẹ ti dé ibẹ̀.

Kí ló kan ẹ̀ka wa nínú èyí? Ohùn àwọn àgbà tí mo gbà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 40. Ní 48 kHz, bit 24, sítẹ́rìò, wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 GB. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wa tí gbogbo irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà lórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, torí ó ti sú wọn láti dúró ti fáìlì tó ń rá pálá. Bàbá ìyàwó yẹn ṣì wà láyé, ó lè tún ìwúre ṣe. Méjì nínú àwọn àgbà tó bá mi sọ̀rọ̀ kò sí mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó ohùn wákàtí 40 náà láti orí láptọ́ọ̀pù mi lọ sí kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀yìn. Kò tó ìṣẹ́jú 10. Iná kò tíì lọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì pa ohunkóhun rẹ́.