Ta ló ń ṣojú Abuloma l'Abuja? Ìtàn àga sẹ́nétọ̀ Rivers East

Ní ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, ẹnì kan béèrè pé ta ni sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú wa. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá kan tó ti ń ta aṣọ ní Port Harcourt láti bí ogún ọdún ló fọhùn níkẹyìn: "Ṣé kì í ṣe Sekibo ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ẹlòmíràn fún un. Bẹ́ẹ̀, ká ní sẹ́nétọ̀ Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú ni wọ́n bi wá, kíá la ó dá orúkọ rẹ̀, a ó tún sọ ẹgbẹ́ tó wà àti ẹni tí wọ́n jọ ń jà.

Sekibo kọ́ ni mọ́, Mọ̀mọ́. Allwell Onyesoh ni, láti 2023.

Ẹ̀yin èèyàn wa, Abuloma wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Port Harcourt lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn Okrika ni, àwọn tó ń pe ara wọn ní Wakirike. Ẹni tó bá ti gba ilé lọ́wọ́ onílé níbí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti ìbò sẹ́nétọ̀, ẹkùn Rivers East la wà. Ìjọba ìbílẹ̀ 8 ló wà nínú rẹ̀: Port Harcourt, Obio/Akpor, Ikwerre, Emohua, Etche, Omuma, Okrika àti Ogu/Bolo. Àwọn ará òkè ilẹ̀, pàápàá Ikwerre àti Etche, ló ni èyí tó pọ̀ jù. Okrika àti Ogu/Bolo jẹ́ ti àwọn ará etí omi. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni àga náà ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyẹn, kò ní lóye ohunkóhun nínú òṣèlú ibí.

Ká tó dé 1999, ó yẹ ká dárúkọ Obi Wali. Ọmọ Ikwerre ni, ó sì ṣe sẹ́nétọ̀ láyé ìjọba olóṣèlú kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Lọ́dún 1963, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Transition, ó ní tí àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ò bá fi èdè tiwọn kọ̀wé, ọ̀nà tí kò já síbì kan ni wọ́n ń tọ̀. Àwa tá à ń fi Yorùbá kọ ìròyìn láàárín Port Harcourt, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kàn wá ju bá a ṣe rò lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993 ni wọ́n pa á. Gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá kan wà ní ìlú yìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ti lọ jẹ ìnáwó níbẹ̀ láìmọ ẹni tó jẹ́.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, John Azuta Mbata ti ẹgbẹ́ PDP ló wọlé. Ọmọ Ikwerre lòun náà. Ọdún 8 ló lò. Òun kan náà ni wọ́n yàn ní January 2025 láti darí ẹgbẹ́ Ohanaeze Ndigbo. Ní 2007, àga bọ́ sí etí omi: George Thompson Sekibo, ọmọ Ogu/Bolo, PDP bákan náà. (Ẹ má fi í pe Abiye Sekibo tó ṣe mínísítà ètò ìrìnnà láyé Ọbásanjọ́. Ẹlòmíràn nìyẹn.) Ó tún wọlé ní 2011.

Wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Amaechi ti bá PDP jà, ó ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí APC, Wike sì dúró sí PDP. INEC kéde Sekibo, Andrew Uchendu ti APC, tó ti ṣojú Ikwerre àti Emohua rí nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, gba kọ́ọ̀tù lọ. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún náà, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti fagi lé ìbò náà, ti àwọn ẹkùn méjì yòókù ní Rivers náà sì bá a lọ. Wọ́n ní ká tún un dì ní March 2016. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Ìbọn ń dún káàkiri, wọ́n pa ọmọ àgùnbánirọ̀ kan tó ń bá INEC ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ahoada, ètò ìdìbò sì dojú rú. Ó di 10 December 2016 kí wọ́n tó rí i parí.

Ìyẹn ni pé fún bí ọdún kan gbáko, Rivers ò ní sẹ́nétọ̀ kankan l'Abuja. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n jókòó gbé ìṣúná 2016 yẹ̀ wò. Ìparí ọdún yẹn náà sì ni eérú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí aṣọ tá a sá, tá à ń fi aṣọ funfun nu imú, tó ń jáde dúdú.

Kò tíì tán. Lẹ́yìn àtúndì, Sekibo padà sórí àga, Uchendu tún padà sí kọ́ọ̀tù, kọ́ọ̀tù sì gbé e fún un ní 2017. Ó lò ó dé 2019. Nígbà tí 2019 dé, ìjà abẹ́lé APC fúnra rẹ̀ mú kí kọ́ọ̀tù yọ ẹgbẹ́ náà kúrò nínú ìdìbò sẹ́nétọ̀ ní Rivers. Kò sí APC lórí ìwé ìdìbò sẹ́nétọ̀ tí wọ́n fún wa. Sekibo wọlé. Ní 2023, PDP gbé e lọ fún Etche, Onyesoh sì wọlé.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i pé ọjọ́ tá a tò sórí ìlà gan-an ni ipá wa kéré jù lọ. Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ti pín ọ̀pọ̀ nǹkan kí ọjọ́ yẹn tó pé, kọ́ọ̀tù a sì pín ìyókù lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó mú àwọn kan nínú wa sọ pé kí la wá ń yọ ara wa lẹ́nu sí nìyẹn. Àwa náà ti sọ ọ́ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo 2025. Ní 28 February, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dì ní October 2024. Ní 18 March, Ààrẹ Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì, ó ní kí Gómìnà Fubara, igbákejì rẹ̀ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi ọ̀gágun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, Ibok-Ete Ibas, sípò alábòójútó. Kò sí káńsù tá a dìbò yàn, kò sí gómìnà, kò sí aṣòfin ìpínlẹ̀. Àwọn tó wà l'Abuja nìkan ló ṣẹ́ kù: sẹ́nétọ̀ 3, aṣojú-ṣòfin 13. Ilé aṣòfin ti Abuja yẹn náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ òfin ṣíṣe fún Rivers fún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ìjọba pàjáwìrì yẹn ní 20 March, ohùn ẹnu ni wọ́n lò, wọn ò ka ìbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé tá a lè ṣí ká fi mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, àfi kó lọ bi wọ́n.

Àwa wá ń kọ́? Òfin ilẹ̀ wa ò sọ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló lè du ipò sẹ́nétọ̀. Mínísítà ni òfin ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀. R. O. Nzimiro tó kọ́kọ́ jẹ olórí ìlú Port Harcourt ní 1956, ará Oguta ni. L'Ékòó ní 2015, Rita Orji wọlé láti Ajeromi/Ifelodun, Tony Nwulu wọlé láti Òṣòdì/Ìsọlọ̀, àwọn àlejò tó fi orúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé sì wà lára àwọn tó gbé wọn dé ibẹ̀. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lára wa lọ gbégbá ìbò ní Rivers o. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ilé la ń sá lọ tí ọ̀sẹ̀ ìbò bá ti dé, tàbí ká ti ṣọ́ọ̀bù pa. Káàdì ìdìbò ọ̀pọ̀ wa ṣì wà ní Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́. Òfin sì gbà kéèyàn lọ bá INEC ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé, kó ní kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síbẹ̀, tí àsìkò ò bá tíì kọjá.

Ọ̀nà East-West tá à ń gbà lọ sílé, láti ibí dé Ahoada, Patani, Warri, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Láti 2006 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sun inú ọkọ̀ mọ́jú lójú ọ̀nà yẹn mọ iye ẹrù tómàtì àti ẹ̀fọ́ tó ti bàjẹ́ síbẹ̀. Ìjókòó ìṣúná ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń wáyé lọ́dọọdún, sẹ́nétọ̀ wa sì wà lára àwọn tó ń jókòó níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìpàdé fi ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí Sẹ́nétọ̀ Onyesoh. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn ló wà nínú rẹ̀, àti ìbéèrè kan lórí 20 March. Mọ̀mọ́ tó dárúkọ Sekibo ló kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ fún títẹ̀ ẹ́.