Bí Físà Bá Ń Pẹ́, Kí Ni Aya Lè Ṣe?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti àwọn aya tí ọkọ wọn wà lókè òkun, tí àwọn wà nílé pẹ̀lú ọmọ, tí wọ́n ń retí físà tí wọn yóò fi lọ bá a. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ohùn ọkọ wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn kì í gbé ọmọ pọ̀n, ohùn kì í sì í gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru.

Ẹni tó ń gbé Òkókómáíkò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní ìdúró. Ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà rélùwéè tí yóò so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Marina. Nígbà tí rélùwéè náà kọ́kọ́ gbé èrò, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ó mọ. Kò dé Òkókómáíkò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí rélùwéè lè wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Aya tó ń retí físà kò ní ọkọ̀ mìíràn tí yóò wọ̀. Ohun tó kù fún un ni kí ó mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà, kí ó sì mọ bí a ṣe ń bẹ àwọn tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ó yá.

Nítorí náà, ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, fi ara balẹ̀ kà á. Ọ̀nà ti Amẹ́ríkà ni n ó fẹ̀ lójú jù, nítorí pé òun ni ó ní ìdààmú jù. N ó sì fi gbólóhùn díẹ̀ kan ti Ìlú Ọba.

Èkínní, wádìí bóyá ilẹ̀kùn ṣí. A kì í bẹ onílé pé kí ó yára nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu òfin kan tó dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ máa gbé Amẹ́ríkà dúró. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ìwé wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni ó há sí ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2021, Ààrẹ Joe Biden fagi lé e. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Trump tún buwọ́ lu òmíràn tó kan Nàìjíríà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Nínú oṣù yẹn kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn dá irú físà bẹ́ẹ̀ dúró fún orílẹ̀-èdè 75. Nàìjíríà wà lára wọn. Kí o tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kankan, kí ọkọ rẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ ní oṣù tí ẹ wà yẹn. Lẹ́tà tó dùn jù lọ kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí Ààrẹ tì. Ṣùgbọ́n má ṣe jókòó kí o ká ọwọ́ gbera. Ohun tí a tì ní 2020 ni a ṣí ní 2021, ẹni tí ìwé rẹ̀ sì ti pé ni ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn ń rọ̀ lọ́rùn.

Èkejì, mọ ipò tí ọkọ rẹ wà lójú òfin. Bí ó bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin wọn kò fi òdiwọ̀n sí iye aya irú àwọn bẹ́ẹ̀ tó lè gba físà lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé grín káàdì nìkan ló ní, iye kan pàtó ni wọ́n ń yọ̀ǹda lọ́dọọdún, ẹ ó sì tò sórí ìlà. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ fi ìwé sílẹ̀ ni ó fi àyè rẹ hàn lórí ìlà náà, oṣooṣù ni wọ́n sì ń kéde ibi tí ìlà dé. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú ọ fo àwọn tó wà níwájú rẹ lórí ìlà yẹn. Ohun tó lè yí i padà ni kí ọkọ rẹ di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Bí ó bá sì dé ibẹ̀, kí ó rántí pé ọmọ tó wà lábẹ́ ìwé ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò nílò ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rí físà tirẹ̀ gbà kí ó sì bá a pé ọmọ kò lè bá òun lọ.

Ẹ̀kẹta, mọ ilé tí fáìlì rẹ wà lónìí. Ilé mẹ́ta ni ó ń gbà kọjá. Àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní USCIS, níbi tí ọkọ rẹ ti kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù I-130 sílẹ̀ láti fi hàn pé aya rẹ̀ ni ọ́ lóòótọ́. Ìkejì ni National Visa Center tó wà ní Portsmouth, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, níbi tí wọ́n ti ń gba owó físà, ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọlọ́pàá, àti ìwé tí ọkọ rẹ fi ṣe onídùúró pé òun lè bọ́ ọ. Ìkẹta ni ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Victoria Island níhìn-ín, níbi tí wọn yóò ti fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Ẹ̀bẹ̀ tí a kọ sí ilé tí fáìlì ti kúrò dà bí ẹni tó lọ ń kan ilẹ̀kùn lọ́wọ́ onílé tó ti kó lọ.

Béèrè nọ́ńbà fáìlì náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ lálẹ́ òní. Ti USCIS ní lẹ́tà mẹ́ta àti fígọ̀ mẹ́wàá. Ti National Visa Center, bí Èkó bá ni wọn yóò fi ọ́ sí, lẹ́tà LGS ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Kọ méjèèjì sínú ìwé ìnáwó rẹ. Kò dára kí aya má mọ nọ́ńbà ohun tí ayé rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ọkọ bá ṣàìsàn, tàbí bí fóònù rẹ̀ bá sọnù, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀kẹrin, mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìnira. Níbí ni mo fẹ́ kí o ti fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí níbí ni ẹ̀bẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń kùnà. Àárò ọkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Owó ilé tó pé, ìyá ọkọ tó ń ṣọ̀rọ̀ sí ni, ọmọ tó ń béèrè pé níbo ni bàbá òun wà: òótọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì dunni wọra. Ṣùgbọ́n gbogbo aya tó wà lórí ìlà ló ní wọn. Ìnira tí gbogbo èrò ìlà ní kò lè mú ẹnì kan kúrò lórí ìlà.

Ohun tí USCIS ń gbé yẹ̀ wò ni àìsàn ńlá, àìlera ara, ikú nínú ẹbí, ogun tàbí àjálù tó sọ ibùgbé ènìyàn di ahoro, àti àdánù owó ńlá tí kì í ṣe ìjáfara ẹni fúnra ẹni ló fà á. National Visa Center le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń fẹ́ lẹ́tà dókítà tó sọ pé ọ̀ràn ìyè àti ikú ni.

Jẹ́ kí a fi aya méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èkínní ní kí ọkọ òun kọ ọ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn kò ti fojú kan ara wọn, pé ẹkún ni òun fi ń sùn. Èkejì ní kí ọkọ òun kọ ọ́ pé kíndìnrín òun ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ òun, pé òun kò ní ẹbí kankan nítòsí. Dókítà rẹ̀ sì kọ̀wé tì í. Ẹkún ẹni àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni kejì ni ó fi ohun kan lélẹ̀ tí òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí lè gbé lé ìwọ̀n. Nítorí náà, bi ara rẹ léèrè: kí ni ó wà nínú ọ̀ràn tèmi tí kò sí nínú ti ẹni tó tẹ̀ lé mi?

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́. Ọkọ rẹ tó fi ìwé sílẹ̀ ni yóò bẹ USCIS, yálà lórí fóònù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí owó tí wọ́n ń gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ ti ìwọ tàbí ti ọmọ níhìn-ín, ìwọ ni yóò kó ẹ̀rí jọ. Lọ bá dókítà tó ń tọ́jú yín gan-an. Kí ìwé rẹ̀ wà lórí bébà tó ní orúkọ ilé ìwòsàn. Kí ó dárúkọ àìsàn náà, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú tí ẹ ń gbà, ìdí tí ó fi yẹ kí tọkọtaya wà pọ̀, àti ewu tó wà nínú ìdúró. Kí ó fọwọ́ sí i, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n lè fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ikú ni, ìwé ẹ̀rí ikú ni. Bí ó bá jẹ́ owó ni, ìwé báńkì ni.

Kí lẹ́tà ọkọ rẹ má ju ojú ewé kan lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì. Kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí ó sọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ó sì ka ẹ̀rí tó so mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ. Má jẹ́ kí ó kọ ìtàn ìfẹ́ yín síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kò sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún irú ẹ̀bẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe kíkọ̀ físà. Fáìlì rẹ yóò máa bá ìrìn rẹ̀ lọ ní ìlà tó wà. Ọkọ rẹ sì tún lè lọ bá aṣojú àdúgbò rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí ó bá òun béèrè ibi tí ọ̀ràn dé. Iṣẹ́ wọn ni.

Ní ti Ìlú Ọba, owó tó ń wọlé ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Láti ọdún 2012, £18,600 lọ́dún ni ẹni tó fẹ́ mú aya wọlé gbọ́dọ̀ máa gbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé e ga sí £29,000 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wà tí ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ṣe. Bí owó kò bá pé, tàbí tí ìwé àyẹ̀wò kò sí, ẹ̀bẹ̀ fún ìyára yóò wulẹ̀ mú kí ìdáhùn “rárá” yára dé ni.

Ìkìlọ̀ méjì ni mo fi parí rẹ̀. Àkọ́kọ́: má ra ìwé dókítà. Àwọn kan yóò wá bá ọ pé àwọn mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì, pé àwọn lè kọ àìsàn tí kò ṣe ọ́ sórí ìwé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òfin Amẹ́ríkà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ gba físà títí ayé. Ẹni tí ìlà rẹ̀ falẹ̀ ṣì wà lórí ìlà. Ẹni tó purọ́ ti kúrò níbẹ̀.

Ìkejì: má ta ṣọ́ọ̀bù rẹ, má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, má sì yọ ọmọ kúrò nílé ìwé, títí físà yóò fi wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ. Aya tó ní ọjà lórí àtẹ ní Alábà lè dúró fún ọdún kan sí i láìtọrọ jẹ. Èyí tó ti tà á ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń gùn mọ́ lọ́wọ́. Tọ́jú àwọn ìwé owó tí ọkọ rẹ ń fi ránṣẹ́, tọ́jú àwòrán yín, jẹ́ kí ọmọ máa bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní wákàtí tí ẹ yàn. Ìwé wọ̀nyẹn ni ẹ̀rí pé ìgbéyàwó yín jẹ́ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni kò ní jẹ́ kí ọmọ wo bàbá rẹ̀ bí àlejò lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́run dá ọkọ sí lọ́hùn-ún, kí ó dá aya àti ọmọ sí níhìn-ín, kí ó sì jẹ́ kí ẹ fojú kan ara yín láyọ̀. Ó di oṣù tó ń bọ̀.