Abèèrè-Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Iṣẹ́ Ẹ̀yìn Kámẹ́rà Nínú Fíìmù Exhuma

Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni fíìmù adẹ́rùbani kan jáde ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà. Pamyo ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ìyẹn títú ibojì. Exhuma ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Kí oṣù tí ó tẹ̀lé e tó parí, iye ìgbà tí wọ́n sanwó wò ó ní ilé sinimá ilẹ̀ náà ti lé ní mílíọ̀nù 10, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kò ju bí mílíọ̀nù 51 lọ. Ẹ̀rù inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó tan kámẹ́rà ni mo fẹ́ kí àwa yẹ̀ wò.

Ìtàn náà kò le. Ìdílé olówó kan ń gbé ní Amẹ́ríkà, àìsàn àìmọ̀dí sì ń bá ọmọ ọwọ́ wọn jà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Hwa-rim tí í ṣe mudang. Mudang ni obìnrin tí àwọn ẹ̀mí yàn láti máa gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gut sì ni ètùtù tí ó máa ń ṣe pẹ̀lú ìlù, orin àti ijó. Hwa-rim rí i pé baba ńlá ìdílé náà kò sinmi nínú ibojì rẹ̀. Ó wá pe àgbàlagbà kan tí ó mọ irú ilẹ̀ tí ó yẹ kí a sin òkú sí, pẹ̀lú asìnkú kan, kí wọ́n jọ hú òkú náà.

Jang Jae-hyun ni ó kọ ìtàn yìí, òun náà ni ó darí rẹ̀. Kristẹni ni. Síbẹ̀, nígbà tí ó fẹ́ ya fíìmù lórí ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, kò jókòó sílé kí ó máa hun irọ́. Ó tọ àwọn mudang lọ, ó tọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ lọ, ó sì bá àwọn tí ń ṣí ibojì dé ẹnu iṣẹ́ wọn láti fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń gbé òkú kúrò ní ibùsùn rẹ̀. Kim Go-eun, òṣèré tí ó ṣe Hwa-rim, kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn mudang tòótọ́: bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbọ́ ti ìlù, bí ohùn ṣe ń yí padà nígbà ìpè. Lee Do-hyun tí ó ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ìlù àti ọfọ̀.

Ẹ wo ètùtù tí wọ́n ń pè ní daesal gut nínú rẹ̀. Ààbò àwọn tí yóò wa ilẹ̀ ni ó wà fún: ibi tí ì bá bà lé wọn ni a ń darí sórí ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti pa, tí a tò kalẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́rin ni wọ́n fi yà á, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, òṣèré náà sì fi gbogbo ara jó o. Bàtà kánfáàsì Converse ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń jó. Bàtà yẹn wú mi lórí púpọ̀. Ó ń sọ fún wa pé ọmọbìnrin òde òní ni abọrẹ̀ yìí, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì di ohun tí a ń lọ wò ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀wọ̀ yìí ta àwọn mudang lọ́rẹ. Láyé ọba Joseon, ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kà wọ́n sí. Àwọn ará Japan tí wọ́n gba ilẹ̀ náà pe iṣẹ́ wọn ní ìgbàgbọ́ asán. Ní àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba Park Chung-hee, wọ́n wó ojúbọ abúlé ní orúkọ ìdàgbàsókè. Kim Keum-hwa, mudang tí a bí ní 1931, wà lára àwọn tí wọ́n lé kiri. Kò gbé ìlù sílẹ̀. Ní 1985, ìjọba ilẹ̀ náà fún un ní ipò olùtọ́jú ogún àṣà, nítorí ètùtù àwọn apẹja etí òkun ìwọ̀-oòrùn. Ká ní irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ti jáwọ́ ni, lọ́wọ́ ta ni òṣèré ì bá ti kọ́ ohunkóhun?

N kò sọ pé fíìmù náà kò lábùkù. Ní ìdajì rẹ̀ kejì, ìjà pẹ̀lú iwin fíofío kan bo ètùtù mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé kìkì ibi ni mudang ń bá jà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ gut wà fún ẹja púpọ̀, fún ire ilé àti ìsinmi àwọn tí ó ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi wé tiwa. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, agbárí, aṣọ pupa àti ẹ̀rín ìkà ni a fi ń mọ babaláwo. Ó ń ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ bí ọmọ tí ń ju òkò, ẹsẹ Ifá tí ó ń pè kò sì sí nínú Odù kankan. Ifá yìí kan náà ni UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé ní 2005!

Àwọn àgbà kan yóò ní awo kì í ṣe ohun àfihàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdúró, ìmúra, ìjúbà àti ohùn ni òṣèré nílò. Kò sí ẹni tí ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ nífá. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó wá béèrè, ẹni tí kò béèrè ni yóò ya àwòrán wa fún ayé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù, ẹ gbé obì dání, ẹ tọ àwọn tí ó ni ín lọ. Ẹ sanwó ìmọ̀ wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí ìparí eré. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹ dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wa yóò ronú kí ó tó bà wá lórúkọ jẹ́.