Ilé Ọmọlangidi fún Ọmọ Kambolé

Nínú ẹrù àlòkù tí ọkọ̀ ń kó láti èbúté Lomé gba ọ̀nà ńlá gòkè wá sí Sokodé, ẹ lè bá ilé ọmọlangidi pàdé láàárín kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti àpò bàtà. Pákó rẹ̀ ti ń tú, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ilẹ̀kùn kan ti bọ́, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ti kán. Owó tí wọ́n ń pè é kì í pọ̀, nítorí ojú ohun tó ti bàjẹ́ ni èèyàn fi ń wò ó. Ìyá tàbí bàbá tó ní ọmọ kékeré nílé ní Kambolé tàbí ní Tchamba, kó má tètè kọjá lọ. Bí a ṣe lè sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ohun tí ọmọ yóò máa fi ṣeré lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló gba gbogbo rẹ̀ kọjá: ọwọ́ ọmọ ni kí ẹ máa rò, ẹ má ro ojú àlejò.

Ojú àlejò ni àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nídìí irú ilé yìí rò. Albrecht Karùn-ún, tó ń ṣàkóso Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan láàárín 1557 àti 1558, ó sì kó o mọ́ ìṣúra rẹ̀. Iná jó o ní 1674. Ní Amsterdam, Petronella Oortman, ìyàwó oníṣòwò, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1686, ó sì ń kó ẹrù sínú rẹ̀ títí di nǹkan bí 1710. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum títí dòní. Èyí tí Edwin Lutyens yàwòrán rẹ̀ fún Ayaba Mary ní Ìlú Ọba, tí wọ́n kọ́ láàárín 1921 àti 1924, ní iná mànàmáná, ó sì ní omi ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ga ni gbogbo wọn, mo sì kan sáárá sí àwọn tó ṣe é. Àmọ́ kò sí àyè nínú wọn fún ọmọ tó fẹ́ gbé aga láti yàrá kan sí òmíràn.

Ọmọ tiwa ti ń kọ́lé kí ẹnikẹ́ni tó ra ilé fún un. Ó ń ti ẹsẹ̀ bọ iyanrìn tútù, ó ń gbá iyanrìn lé e lórí, ó ń rọra fa ẹsẹ̀ yọ kí ihò má baà wó. Ó ní yàrá nìyẹn. Ó ń to òkúta mẹ́ta, ó ní ààrò ni. Ó ń fi àkísà pọn ṣùkù àgbàdo sẹ́yìn, ó ń rẹ̀ ẹ́ pé kó sùn. Eré tó ti mọ̀ yìí ni ilé tí ẹ rà gbọ́dọ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ewu bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Bí ọmọ bá ń fi ìka tó ti kan eruku ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sẹ́nu, díẹ̀díẹ̀ ni òjé yóò máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu. A ti rí ohun tó lè ṣe nítòsí wa: ní Zamfara, Nàìjíríà, ní 2010, eruku òjé láti inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Nítorí náà, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha ọ̀dà ilé àlòkù. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọ má sí nítòsí. Ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú yọ èyí tó ti ń ṣí, ẹ di èérún rẹ̀ sínú bébà kí ẹ dà á nù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀dà olómi tuntun bo ìyókù. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí òjé inú ọ̀dà má ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Agolo tí wọ́n kọ “sans plomb” sí lára ni kí ẹ rà.

Ohun kéékèèké náà léwu. Àwọn tó ń yẹ ohun ìṣeré ọmọdé wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ife kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 31.7. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ó lè há a lọ́fun. Ìdérí ike omi kò jìnnà sí ìwọ̀n yẹn, ẹ lè fi ṣe òṣùwọ̀n bí àbúrò tó ń rákò bá wà nílé. Iná tíntìntín tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí ọmọ bá gbé bátìrì yẹn mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé ọmọlangidi ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ alájà méjì tàbí mẹ́ta, yàrá tóóró lórí yàrá tóóró. Ẹ pe ọmọ wá, kó na ọwọ́ dé ògiri ẹ̀yìn yàrá kọ̀ọ̀kan, kó mú nǹkan níbẹ̀, kó fà á jáde. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé, tàbí tí ìgúnpá rẹ̀ ti há, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Tèmi ni pé kí ẹ fi ayùn ya àjà kúrò lórí àjà. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta yóò di ojúlé mẹ́ta, ẹ ó tò wọ́n sórí pátákó fífẹ̀ kan, kí ojú wọn kọ sí ara wọn, kí àgbàlá wà láàárín. Ẹ ṣí òrùlé wọn sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi híńjì sí i, kí ọwọ́ lè gba òkè wọlé.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé agboolé ni ọmọ Kambolé mọ̀. Ó mọ̀ pé inú àgbàlá ni ọjọ́ ti ń lọ: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún iyán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá èlùbọ́, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń jókòó bó ẹ̀gúsí tí yóò máa bá gbogbo ẹni tó bá wọlé sọ̀rọ̀. Yàrá, ibi tí a ń sùn tí a sì ń kó ẹrù sí ni. Bí ilé ọmọlangidi kò bá ní àgbàlá, ìdajì ohun tí ọmọ mọ̀ nípa ilé kò rí ibi dúró sí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ilé rìbìtì onílẹ̀ pupa kan kún un, irú èyí tó ṣì wà ní àwọn abúlé, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó. Agolo wàrà ńlá ló dáa láti fi ṣe ara rẹ̀, bí ẹ bá ti tẹ etí rẹ̀ tó mú mọ́lẹ̀ dáadáa.

Oríkèé pákó tó ti tú, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi dì í le-le títí di ọjọ́ kejì. Fún àtẹ̀gùn, òpó àti férémù fèrèsé, ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà ní Sokodé, kó fún yín ní àgékù igi tíìkì. Láti ayé ìjọba àwọn Jámánì ni wọ́n ti ń gbin igi yìí ní Tógò. Ó le, kì í tètè jẹrà, àmọ́ epo wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú un. Ẹ fi sáńpépà ha ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti bọ sínú sípíríìtì nù ún, kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i lójú ẹsẹ̀.

Nípa ìwọ̀n, ìdá 12 ló wọ́pọ̀ jù láyé. Òun náà ni wọ́n lò fún ilé Ayaba Mary. Ẹ wọn ohun tó wà nílé yín, ẹ pín in sí 12. Obìnrin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 168 yóò di 14. Ilẹ̀kùn tó ga ní 204 yóò di 17, odó tó jẹ́ 60 yóò di 5, àpótí ìjókòó tó jẹ́ 36 yóò di 3. Bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní CM1 bá wà nílé, òun ni kí ẹ fún ní téèpù àti ìwé.

Ògiri ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù. Bébà aláràbarà tí wọ́n fi lẹ inú àwọn ilé wọ̀nyí máa ń ṣí nígbà òjò, ẹ yọ ọ́. Ilẹ̀ tiwa ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ. Ẹ fi ojú ìṣó ha pákó náà títí yóò fi rí ṣákaṣàka, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á, ẹ wọ́n iyanrìn sí gọ́ọ̀mù náà kó tó gbẹ, kí amọ̀ lè rí ibi dì mú. Ẹ bu ilẹ̀ pupa, ẹ fi ajọ̀ sẹ́ ẹ, ẹ po ó pọ̀ mọ́ iyanrìn kíkúnná àti koríko gbígbẹ tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ rẹ́ àkúfọ́ pákó kan wò. Bó bá sán, iyanrìn rẹ̀ kò tó. Bó bá ń rún dà sílẹ̀, amọ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ má jẹ́ kó nípọn ju mílímítà 3 lọ. Ọmọ ni kí ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ rẹ́ ẹ, kó sì fi orí ìka fa ilà sí i nígbà tó ṣì tutù. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ ẹ gbẹ kíákíá, yóò sì sán. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi bò ó mọ́jú.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wá èèpo irúgbá, èyí tí àwọn tó ń ṣe irú ti gba èso inú rẹ̀ tán. Ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi ki, tí yóò sì pọ́n dúdú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ògiri lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó máa gbẹ kí ẹ tó tún kùn ún. Ògiri náà yóò ṣú díẹ̀, yóò máa dán, omi kò sì ní tètè wọ̀ ọ́. Oje tó wà nínú èèpo náà, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń ṣe awọ, ló ń di ilẹ̀ mú. Omi yìí kan náà ni àwọn obìnrin Kassena ní Tiébélé, ní Burkina Faso, ń kùn sí ògiri aláràbarà wọn, tí UNESCO kọ ààfin ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2024. Ní àríwá Tógò tiwa pàápàá, ní Koutammakou tó ti wà nínú ìwé yẹn láti 2004, ọwọ́ àwọn obìnrin ni rírẹ́ ògiri àti fífa ilà sí i wà. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí lára ilé ọmọlangidi ti fọwọ́ kan ìmọ̀ gidi, inú mi sì ń dùn nígbàkígbà tí mo bá rí òbí tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi amọ̀ ba aṣọ jẹ́ nítorí rẹ̀.

Lórí aṣọ, ẹ ṣọ́ra fún àǹkárá tí àwòrán rẹ̀ tóbi. Òdòdó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, nínú ilé ìdá 12, dà bí òdòdó tó fẹ̀ ní 60 lójú ọmọlangidi. Ẹyọ kan ṣoṣo yóò gba gbogbo fèrèsé. Ẹ bi aránṣọ bóyá ó ní àgékù alámì tó-tò-tó tàbí onílà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kí táàṣì inú rẹ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ́tínì yóò gan gbagidi. Etí aṣọ òfì tí wọ́n ń hun ní Bafilo, ìlú tó wà ní àríwá Sokodé, dáa gan-an fún ìbora. Ẹní? Abẹ̀bẹ̀ tó ti gbó ni kí ẹ gé.

Àga àti bẹ́ẹ̀dì kò le ṣe, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ọmọ fúnra rẹ̀ yóò fi páálí ìṣáná ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé odó wà, ààrò wà, àmù wà, kẹ́tùrù àlùwàlá sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn èèyàn inú ilé ló kù. Àwọn òbí Mùsùlùmí kan, tí wọ́n pọ̀ ní agbègbè yìí, máa ń kọminú sí ọmọlangidi nítorí ọ̀rọ̀ ère. Hadisi tó wà nínú ìwé Abu Dawud sọ pé Aisha ní àwọn ọmọlangidi, pé ẹṣin abìyẹ́ méjì kan wà láàárín wọn, àti pé Ànábì rẹ́rìn-ín nígbà tó béèrè nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló fi èyí gba ọmọlangidi láyè fún àwọn ọmọdé. Ilé tí kò bá fẹ́ ojú àti ẹnu lára rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ rán an láìsí ojú. Ọmọ yóò fọkàn ya ojú sí i. Ẹ fi ìyá àgbà kún wọn, ẹ fi àlejò kún wọn, ẹ má fi í mọ sórí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tó bá ilé náà wá.

Kí ẹ sì fetí sí ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń bá ara wọn sọ. Faransé ni ọmọ ń gbọ́ ní ilé ìwé. Nínú agboolé orí pátákó yìí, èdè ilé ni wọ́n yóò fi kí ara wọn: ní Sokodé yóò jẹ́ Tem, ní Tchamba Akaselem, ní Kambolé èdè tiwọn tí àwọn ará Manigri ní Bẹ̀nẹ̀ náà ń sọ. Ẹ má ṣe dá ọmọ dúró láti tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe nígbà tó ń ṣeré.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí ṣe pàtàkì, nítorí ikán. Ẹ gbé pátákó náà lé òkúta, kó jìnnà sí ògiri, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, ẹ máa yí i wò lábẹ́. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà ikán lára pákó kan, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ dà á nù, ẹ fi tíìkì rọ́pò rẹ̀, kó jẹ́ láti inú àárín igi tó pọ́n, nítorí ikán kì í fẹ́ jẹ ibẹ̀. Etí rẹ̀ tó funfun kò ní agbára yẹn.