Àrùn Àgbèrè Kọ́: Èsì fún Àwọn Tí Ń Ba Olóòótọ́ Obìnrin Lórúkọ Jẹ́

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìsìn, mo ti gbọ́ ọ ní ọjà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti ń pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún gbọ́ ọ níbi ìsìnkú ìyá kan tí ó fi ogójì ọdún sin ọkọ kan ṣoṣo, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ara wọn létí pé ta ni ó mọ bí ó ti rìn ní ìgbà èwe rẹ̀, mo mọ̀ pé bí mo bá tún dákẹ́, tara mi ni yóò bá mi dákẹ́.

Ohun tí wọ́n ń wí náà nìyí, bí ó tilẹ̀ korò lẹ́nu mi láti tún un sọ. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, àrùn àwọn oníṣekúṣe ni. Wọ́n ní obìnrin tí ó bá pa ara rẹ̀ mọ́, tí kò mọ ọkùnrin méjì, kò ní ohunkóhun í bá a ṣe. Nítorí náà, wọ́n ní obìnrin tí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn nígbà tí ibì kankan kò dùn ún, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni ó ń lé e kiri. "Ẹni tí ó jẹ gbì ni yóò kú gbì," ni wọ́n fi ń pa á lówe. Gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìgbàgbọ́ náà kò ju èyí lọ, n kò sì ní í fi kún un fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbá àwọn kéékèèké kúrò lọ́nà. Àwọn kan ní ayé òde òní ni ó mú àrùn náà dé, pé ní ìgbà àwọn ìyá wa, nígbà tí ojú ṣì ń ti obìnrin, kò sí i. Irọ́ ni. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sínú ìwé ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ohun tí ìwé náà sì fi hàn ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni pé ti ẹnu ilé-ọmọ ni ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń ṣe obìnrin. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ti ọmú tó gba iwájú rẹ̀. Ṣé àwọn ìyá wa àgbà wọ̀nyẹn, tí ẹ ń fi ìwà wọn ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọge, ni ẹ wá ń pè ní oníṣekúṣe? Àwọn kan ní àwọn àjẹ́ ni ó ń fi ṣe ènìyàn: kòkòrò tí ń fà á ti di mímọ̀, Harald zur Hausen, ará Jámánì, ni ó wá a rí, a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní ọdún 2008. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kòkòrò náà, tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 yóò sọ wọ́n di àgàn: àwọn ọmọbìnrin Australia tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọdún 2007 ti di abiyamọ. Ó tó.

Ọ̀rọ̀ olóòótọ́ obìnrin, abilékọ tí kò mọ ju ọkọ rẹ̀ lọ, ni mo wá sọ, nítorí pé orí rẹ̀ ni irọ́ náà ń wó lé. Kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ HPV, ìbálòpọ̀ ni ó ń bá wọ ara. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́nu wọn nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi ń bo irọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọkùnrin àti obìnrin tí ó ti mọ ẹnì kejì rí ni yóò kó o nígbà kan láyé wọn. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ó kó o, bí i mẹ́sàn-án ni ara wọn yóò lé e jáde láàrin nǹkan bí ọdún méjì, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó wọlé rárá. Àwọn díẹ̀ tí kò jáde lára wọn, pàápàá bí ó bá jẹ́ irú rẹ̀ tí a fún ní nọ́ńbà 16 àti 18, tí ń fa bí i méje nínú mẹ́wàá jẹjẹrẹ yìí, ni ó máa ń jókòó tì, tí ń ba ẹran ara ẹnu ilé-ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú èyí, kí ẹni tí ó bá rí i wá fi hàn mí.

Àwọn tí ó kàwé nínú wọn a máa mú àwọn arábìnrin ìjọ Àgùdà tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìlọ́kọ ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 1842, oníṣègùn ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Rigoni-Stern yẹ ìwé ikú ìlú Verona wò láti ọdún 1760 títí dé 1839, ó sì rí i pé jẹjẹrẹ ilé-ọmọ ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn arábìnrin náà. Níbẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró, tí wọn yóò sì máa wò wá bí ẹni tí ó ti borí. Ẹ wá bi wọ́n léèrè: ta ni ọkùnrin náà fi wé àwọn arábìnrin? Aṣẹ́wó kọ́! Àwọn abilékọ ni, àti àwọn opó, àwọn tí àlùfáà so pọ̀ mọ́ ọkọ wọn níwájú pẹpẹ. Àwọn wọ̀nyí ni ìwé Verona wí pé àrùn náà ń pa jù. Bí ìwé náà bá ní ẹ̀sùn kan lẹ́nu, ìgbéyàwó ni ó fi sùn. Kí ẹni tí ó bá láyà wá dìde ní ilé ìsìn kí ó pe ìgbéyàwó ní ìṣekúṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì gbọ́ èyí tí ó le jù. Ní ọdún 1981, àwọn oníṣègùn kan ní Oxford tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin tí ó sọ pé ọkọ àwọn nìkan ni àwọn mọ̀ rí. Wọ́n pe ọkọ àwọn tí ẹnu ilé-ọmọ wọn ti ń bàjẹ́, wọ́n pe ọkọ àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti rìn láyé. Ọkọ àwọn tí àrùn mú ni ó ti mọ obìnrin púpọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 1996, ìwádìí mìíràn jáde láti Sípéènì, bákan náà ni ó wí: bí ọkọ bá ti ń bá aṣẹ́wó kẹ́gbẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu aya rẹ̀ ń pọ̀ tó. Aya jókòó sílé, ó ń tọ́mọ, ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó lọ ire kí ó bọ̀ ire. Ọkọ bọ̀, ó sì gbé ikú rẹ̀ wá fún un lórí ibùsùn tí àwọn òbí méjèèjì súre sí. Ìgbà tí ó kú tán, a gbé ẹ̀sùn lé e lórí nínú pósí, ọkọ jókòó lórí àga ọlọ́fọ̀, a sì ń kí i pé ó kú ìfaradà! Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí òun ti ń ti òru bọ̀. Ojú kò ha tì wá bí?

Kò tilẹ̀ di dandan kí ọkọ ṣe àgbèrè. Obìnrin kan tí ó ti mọ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kí ó tó gbé ìyàwó, ti tó. Ẹ sì wo ilé olórogún, níbi tí baálé kan ti fẹ́ aya mẹ́ta ní ọ̀nà tí ìlú àti ẹ̀sìn rẹ̀ fi ọwọ́ sí: ìyáálé kò mọ ju ọkọ kan lọ, ìyàwó kejì kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìkẹta bá jẹ́ opó tí a ṣú lópó, ọkọ tí ó kú ni ó ti kọ́kọ́ mọ̀. Kòkòrò náà lè yí gbogbo ilé náà ká láìsí ẹnì kan tí ó ṣẹ̀. Ta ni oníṣekúṣe nínú wọn?

Irọ́ lásán ni n bá kà á sí, n bá sì rẹ́rìn-ín kí n kọjá, bí kì í bá ṣe pé ó ń pa ènìyàn. Àyẹ̀wò yìí, ẹni tí ibì kankan kò dùn ni a ṣe é fún. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, a máa gba ẹbọ lọ́wọ́ ẹni. Láàrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún yẹn ni nọ́ọ̀sì lè fi omi kíkan kan ẹnu ilé-ọmọ, kí ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan bóyá ojú ibẹ̀ yóò funfun. Tàbí kí a yẹ omi ara obìnrin wò fún kòkòrò náà, èyí tí obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ní kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì rí ibi tí ó ti ń bàjẹ́, wọ́n lè fi ooru jó o kúrò, kí obìnrin náà padà sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ obìnrin tí ẹ ti sọ fún pé kò kan òun kò ní í lọ, ìtìjú kò sì ní í jẹ́ kí èyí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lọ; ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró ni wọn yóò sáré, aṣọ kò sì bá Ọmọ́yẹ mọ́. Kódà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìjọba ti ń kọ lẹ́tà pe obìnrin láti ọdún 1988, àwọn ọmọ wa wà tí ń gba lẹ́tà náà, tí wọ́n sì ń sọ pé irú àwọn kọ́ ni wọ́n ń pè.

Ní Osmanabad, ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn oníṣègùn kó obìnrin 131,746 jọ, láti ẹni ọgbọ̀n ọdún dé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2009, láàrin àwọn tí a ṣètò pé kí wọ́n yẹ̀ wò fún HPV lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye àwọn tí àrùn náà pa kò ju bí ìdajì ti àwọn tí a kò yẹ̀ wò lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré! Àwọn oníṣègùn náà kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn bóyá oníwà mímọ́ ni kí wọ́n tó gbà á là. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 350,000 obìnrin ni àrùn yìí pa ní gbogbo ayé, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wà ní irú ilẹ̀ tiwa yìí.

Ohun tí ó tọ́ kò fara sin. Kí obìnrin tí ó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún lọ ṣe àyẹ̀wò, kí èyí tí ó ní kòkòrò HIV tètè lọ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí àwọn ọmọbìnrin gba abẹ́rẹ́ wọn. Kí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti ẹgbẹ́ alásàlátù jáde lọ pọ̀, ìyá ìjọ níwájú, kí ìtìjú má baà rí ibi dúró sí. Ní ti àwa ọkùnrin, ẹni tí ó bá lè san owó aṣọ ọdún lè san owó àyẹ̀wò aya rẹ̀. Kí ó san án, kí ó sì bá a lọ.